Bí Ẹ Ṣe Máa Lé Agbọ́n àti Oyin Dúdú Tó Ń Lu Igi Kúrò Nílé Láìfín Oògùn

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀: agbọ́n ti kọ́lé sétí òrùlé, oyin dúdú ńlá kan sì ń lu pákó wa ní ihò, ọmọdé wà nílé, kí la máa ṣe tí a ò ní fín oògùn? Ẹ̀rù yín tọ̀nà. Dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ rà yẹn, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fín sókè ibi tọ́mọ ń sùn, NAFDAC gan-an ti ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀, àwọn 100ml yẹn, mọ́ láti 2019, síbẹ̀ a ṣì ń rí i. Torí náà mo to gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́sẹẹsẹ, àwọn nǹkan tẹ́ ẹ máa lò kò sì kọjá ohun tẹ́ ẹ máa rí l'Ọ́jà Ọba l'Óṣogbo níbí àti lọ́dọ̀ káfíńtà àdúgbò.

Kí n tètè sọ èyí o: tẹ́ ẹ bá kàn pa èyí tẹ́ ẹ rí lónìí, òmíràn máa wá sójú ibẹ̀ gan-an. Igi tí kò lọ́dà lára, ihò tó ṣí sílẹ̀, ẹrẹ̀ ìdí ẹ̀rọ omi àti èso jíjẹrà ló ń pè wọ́n wá, àwọn nǹkan yẹn la fẹ́ bá jà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà nílé yín

Ẹ má tíì gbé àkàbà. Ẹ dúró sókèèrè, ẹ wò ó dáadáa, torí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí ọ̀kan yàtọ̀ sí tèkejì.

- Agbọ́n tó ń so ilé rọ̀: ara rẹ̀ gùn, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ilé rẹ̀ dà bíi pépà, ojú ihò ihò ẹ̀ hàn síta, ó fi ọrùn kékeré kan rọ̀ mọ́ òrùlé. Èyí ló máa ń ta èèyàn jù, ọ̀kan ṣoṣo sì lè ta yín léraléra.
- Agbọ́n alámọ̀: amọ̀ ló fi ń kọ́lé sára ògiri, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ ẹrẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Kò lárá ilé púpọ̀, aláǹtakùn ló ń kó síbẹ̀ fún ọmọ ẹ̀, kì í sáà déédéé ta èèyàn.
- Oyin dúdú tó ń lu igi (mo máa pè é ní oyin káfíńtà): ó tóbi, ó dúdú, ariwo rẹ̀ pọ̀, ihò tó bá lu rí róbótó bíi pé dírílà ló lù ú, ọmọ ìka kékeré á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́. Sọ́dọ́ọ̀sì máa ń wà nílẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀.
- Oyin gidi, èyí tó ń ṣe afárá: tẹ́ ẹ bá rí wọn tí wọ́n ṣù jọ sórí igi tàbí tí wọ́n ń wọ inú àjà lọ tí wọ́n ń jáde, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má gbìyànjú nǹkan kan nínú ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Oyin ilẹ̀ wa máa ń bínú, wọ́n sì máa ń tú síta lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá ẹni tó ń sin oyin, ó láṣọ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi èéfín tù wọ́n.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó jọ

- ọ̀pá gígùn, èyí tẹ́ ẹ fi ń gbá jàǹkárìwọ̀ dára
- korobá tó ní ìdérí
- ìgò ìfọ́n omi, irú èyí tí àwọn onírun ń lò
- ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, tàbí ọṣẹ dúdú tẹ́ ẹ ti pò
- kànìnkàn irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò
- gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò, sọ́dọ́ọ̀sì díẹ̀, sáńdípépà
- ọ́ìlì péǹtì àti búrọ́ọ̀ṣì
- tọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rá pupa tẹ́ ẹ máa fi bò ó lójú
- aṣọ alápá gígùn, ṣòkòtò nínípọn, ìbọ̀sẹ̀, bàtà tó bo ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́, fìlà, àti àgékù nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tẹ́ ẹ máa fi bojú

Apá kìíní: oyin káfíńtà

Òun ni mo máa pẹ́ lé lórí jù torí òun làwọn èèyàn ń ṣì ṣe jù. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ń jẹ igi bí ikán. Kò jẹ ẹ́ o. Omi òdòdó ló ń mu, igi yẹn kàn ń gbẹ́ ẹ ni kó lè bímọ síbẹ̀. Ihò yẹn á kọ́kọ́ wọlé tààrà, á wá yà, á tẹ̀lé bí igi ṣe gùn. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ máa ń padà sínú ihò kan náà, wọ́n á tún gbẹ́ ẹ síwájú, ọdún ń gorí ọdún, omi òjò ń wọ ibẹ̀, títí pákó etí òrùlé á fi jẹrà.

Èyí tó máa ń dúró lójú afẹ́fẹ́ níwájú yín tó ń kùn bí ẹni fẹ́ bá yín jà, akọ ni. Kò lóró rárá, ẹ má sá. Abo lè ta èèyàn lóòótọ́, àmọ́ àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ mú u tàbí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìgbà tó dáa jù fún iṣẹ́ yìí ni ẹ̀ẹ̀rùn, láti bíi November lọ, torí pákó ti gbẹ, ọ̀dà á sì mú. Tí ẹ ò bá lè dúró dìgbà yẹn, ẹ wá ọjọ́ mélòó kan tí òjò ò rọ̀.

1. Ẹ wá gbogbo ihò. Ẹ yí ilé po, ẹ wo ilẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó wòkè. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí sọ́dọ́ọ̀sì tàbí tí nǹkan bí ìgbẹ́ pípọ́n ti ń ṣàn lára ògiri, ihò wà lókè ibẹ̀. Ẹ wo abẹ́ pákó fásíà (èyí tó wà létí òrùlé), òpó àbáwọlé, ọparun tẹ́ ẹ fi ṣe àtíbàbà, ilé adìẹ, ìdí àga onígi tẹ́ ẹ gbé síta. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìkọ̀ọ̀kan.

2. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ká pépà tíṣù díẹ̀ sẹ́nu ihò náà, kó má le. Ẹ wò ó fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Tí pépà bá já bọ́ tàbí tó lu, oyin wà níbẹ̀. Tó bá wà bẹ́ẹ̀ tí kò mira, ó ṣeé ṣe kó ti ṣófo.

3. Ẹ mú èyí tó wà nínú ẹ̀ jáde. Ẹ wá ìgò ike tó mọ́ gara, ẹ fi ẹnu rẹ̀ bo ihò náà lálẹ́, ẹ fi séló lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Tílẹ̀ bá mọ́ tó ń wá ìmọ́lẹ̀, inú ìgò ló máa jáde sí. Ẹ dé e, ẹ gbé e lọ sóko tó jìnnà dáadáa sílé, ẹ tú u sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé ọmọ ṣì wà nínú ihò, ẹ fi ìgò náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ títí wọ́n á fi jáde tán, ó lè ju oṣù kan lọ, ẹ ní sùúrù.

4. Ẹ wá dí ihò. Ẹ kọ́kọ́ ti kànìnkàn irin wọnú ihò títí yóò fi kún, torí ẹnu oyin ò lè gbẹ́ irin. Lẹ́yìn náà ẹ po sọ́dọ́ọ̀sì mọ́ gọ́ọ̀mù funfun kó ki bí ẹ̀kọ, ẹ fi dí ẹnu ihò náà kó kún dọ́gba. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

5. Ẹ ha á, ẹ kùn ún. Sáńdípépà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ́ìlì péǹtì lẹ́ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kẹ́ ẹ tó kun ìkejì. Ẹ rí i pé abẹ́ pákó náà, ẹ̀yìn rẹ̀ àti orí rẹ̀ tí wọ́n gé ní ọ̀dà. Abẹ́ tí ojú èèyàn kì í tó ni oyin fẹ́ràn jù, òun gan-an làwọn apèǹtì máa ń fò.

6. Ẹ fún un níbòmíì. Ẹ di ọparun gbígbẹ mélòó kan tàbí kùkù igi rírọ̀ bí àrẹrẹ sí ìpẹ̀kun ọgbà, ibi tójò ò pa, tó sì jìnnà sílé. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, àmọ́ oyin yìí ń ṣe iṣẹ́ fún wa: òun wà lára àwọn tó ń lọ láti òdòdó ẹ̀wà kan sí òmíì, ìyẹn sì lè jẹ́ kí ẹ̀wà so dáadáa. Ẹni tó bá ní oko ẹ̀wà tàbí òtílí lẹ́yìnkùlé ò yẹ kó máa pa á.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í

Wọ́n á dí ihò nígbà tí oyin ṣì wà nínú ẹ̀. Ó máa gbẹ́ ọ̀nà míì jáde ni, ihò kan á di méjì, ẹ wá fọwọ́ ara yín ba pákó jẹ́.

Wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì dí i. Sìmẹ́ǹtì kì í mọ́ igi lára, tójò bá rọ̀ tígi wú, tóòrùn ràn tígi sún kì, á já bọ́ ni.

Wọ́n á kùn ún kí wọ́n tó dí i. Ọ̀dà ò ní kí oyin má wọ ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀, igi tí kò tíì lu ló ń dáàbò bò.

Wọ́n á fi kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, pa gbogbo igi lára. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ò yàtọ̀ sí oògùn tá à ń sá fún: ó máa ń ba awọ ara jẹ́, ó ń ṣàn sínú ilẹ̀, kànga sì wà nínú ọgbà ọ̀pọ̀ wa.

Apá kejì: ilé agbọ́n tó rọ̀ sétí òrùlé

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ó pọn dandan ká yọ ọ́? Tó bá wà lókè réré, níbi tẹ́nikẹ́ni kì í gbà, tí kò sún mọ́ fèrèsé, ẹ fi sílẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ewé ẹ̀fọ́ àti àgbàdo yín ni wọ́n ń pa jẹ. Tó bá wà lójú ọ̀nà, lókè ilẹ̀kùn, ní balùwẹ̀, tàbí níbi tọ́mọdé ti ń ṣeré, ẹ yọ ọ́.

Tí ilé náà ò bá tíì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí agbọ́n tẹ́ ẹ rí lórí ẹ̀ ò sì pọ̀, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Tó bá ti tó abọ́, tàbí tó jẹ́ pé àfi kẹ́ ẹ gun àkàbà, tàbí tí ẹnì kan nínú ilé bá wà tí ara rẹ̀ máa ń wú bí kòkòrò bá ta á, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

1. Ẹ yan àkókò. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáà, tílẹ̀ ti ṣú dáadáa, gbogbo wọn ti wálé nígbà yẹn, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ lè fò nínú òkùnkùn. Àárọ̀ kùtù kí oòrùn tó yọ náà dára. Ọ̀sán gangan, rárá.

2. Ẹ pèsè ọgbà sílẹ̀. Ẹ ti fèrèsé, ẹ kó ọmọ wọlé, ẹ so ajá àti ewúrẹ́ síbòmíì, ẹ sọ fún aládùúgbò. Ẹ wo ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà padà sẹ́yìn, ẹ yọ gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì àti okùn tó lè gbé yín ṣubú lójú ọ̀nà náà.

3. Ẹ wọṣọ. Ẹ ki ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ so ọwọ́ aṣọ. Ẹ má fín pàfíìmù.

4. Ẹ fi ọ̀rá pupa bo tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e ka orí àpótí. Agbọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ rí iná pupa. Ẹ má fọwọ́ mú tọ́ọ̀ṣì funfun o, ibi tí iná bá wà ni wọ́n máa dojú kọ, ojú yín nìyẹn.

5. Ẹ fọ́n omi ọṣẹ sí i. Omi lítà kan, ọṣẹ olómi ṣíbí ìjẹun méjì. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe abẹ́ ẹ̀ gan-an, ẹ fọ́n ọn kó rin gbingbin láìdúró. Ọṣẹ yìí máa jẹ́ kí omi dí ihò tí wọ́n fi ń mí, wọ́n á máa já bọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò, ẹ fi sílẹ̀, ẹ wọlé, ìyẹn kì í ṣe ìtìjú.

6. Ẹ fi ọ̀pá yọ ilé náà bọ́ sínú korobá tó ní omi ọṣẹ, ẹ dé e pa di àárọ̀.

7. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ha ìdí ẹ̀ kúrò. Ọrùn kékeré tó fi rọ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, àwọn tó kù máa tún ibẹ̀ kọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́ṣẹ, kẹ́ ẹ kun ibẹ̀ lọ́dà. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan ẹ lè máa rí ọ̀kan méjì tó ń rà bàbà níbẹ̀. Ẹ má bá wọn jà, wọ́n á lọ.

Èyí tó rọrùn jù gbogbo èyí lọ ni kẹ́ ẹ máa wo abẹ́ òrùlé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà òjò. Nígbà tí agbọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ilé rẹ̀ ò ju bọ́tìnnì lọ, ọ̀kan tàbí méjì ló máa wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n ti jáde lọ, ọ̀pá jàǹkárìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti tó.

Apá kẹta: agbọ́n alámọ̀

Èyí ò gba àkókò. Ẹ wò ó bóyá ó wà nítòsí, tí kò bá sí, ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha amọ̀ náà, ẹ fọ ibẹ̀. Àwọn tó ń gbé lápá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo àti àwọn ibi tílẹ̀ ti máa ń tutù mọ̀ pé wọ́n máa ń padà wá, nítorí ẹrẹ̀ pọ̀. Ẹ tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, kẹ́ ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tómi ti ń dúró.

Ìkìlọ̀ kan ṣá: wọ́n fẹ́ràn ihò tó ti wà. Ẹ wo ẹnu sàléńsà jẹnẹrétọ̀, páìpù tómi A/C ń gbà jáde, ihò kọ́kọ́rọ́ géètì. Jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ò tàn fún ìgbà pípẹ́, ẹ wo ẹnu sàléńsà ẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó fà á.

Ohun tó ń pè wọ́n wá

Tí máńgòrò bá ti ń já bọ́, ẹ máa ṣà á lójoojúmọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹrà sábẹ́ igi. Ẹ dé dọ́sìbìn. Àwọn màmá tó ń ta sóbò, mínírà tàbí ẹmu níwájú ilé, ẹ fi omi nu tábìlì kẹ́ ẹ tó wọlé, adùn tó dà sílẹ̀ yẹn ló ń kó wọn jọ. Ìdọ̀tí ẹja àti ẹran náà ń fà wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé àti gbogbo ihò atẹ́gùn àjà, kẹ́ ẹ sì dí àlàfo tó wà láàárín páànù àti ògiri.

Ṣé ewé àti òórùn ń ṣiṣẹ́?

Ẹ ń bi mí nípa ewé tíì, kànáfùrù, èèpo ọsàn, èéfín dọ́ńgóyárò. Òórùn lè mú kí wọ́n yà fún ìgbà díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, tójò bá rọ̀ ó ti tán. Ẹ lè fi ewé tíì àti kànáfùrù sísè nu tábìlì ìta tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun níbẹ̀. Ẹ má fi ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé fún òrùlé. Ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tí wọ́n so rọ̀ bí ilé agbọ́n, kí agbọ́n lè rò pé ẹlòmíì ti gba ibẹ̀, èmi ò fọkàn tán an.

Pańpẹ́ ìgò lè ràn yín lọ́wọ́ ní ìgbà máńgòrò: ẹ gé orí ìgò ike, ẹ dojú rẹ̀ bọ inú, ẹ da omi ṣúgà sí i pẹ̀lú fínígà díẹ̀ kí oyin gidi má bàa wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ gbé e jìnnà sí ilẹ̀kùn, torí ó ń pè wọ́n ni.

Iná ni mi ò ní dákẹ́ lé lórí. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù sun ilé agbọ́n. Pákó gbígbẹ ló wà lábẹ́ páànù yẹn, wáyà NEPA sì gba inú àjà kọjá. Ilé lè jó nítorí agbọ́n. Òkúta jíjù náà, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ, ẹni tó jù ú á sá lọ, ìyá arúgbó tó ń kọjá ni wọ́n máa bá.

Tó bá ta èèyàn

1. Ẹ kúrò níbẹ̀ kíá, ẹ má máa ju ọwọ́. Ẹ sá wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn.
2. Ẹ bọ́ òrùka àti bángù kó tó wú.
3. Tó bá jẹ́ oyin gidi, ẹ̀gún ẹ̀ á kù síbẹ̀, ẹ tètè ha á jáde. Agbọ́n kì í fi tiẹ̀ sílẹ̀.
4. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ wá fi áìsì tẹ́ ẹ fi aṣọ wé lé e.

Ẹ má dúró wo nǹkan kan tí ètè, ahọ́n tàbí ojú bá ń wú, tí kò lè mí dáadáa, tí ara rẹ̀ bá lé jáde káàkiri, tó ń bì tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí wọ́n bá ta á níbi tó pọ̀. Ọsibítù Asúbíaró l'Óṣogbo tàbí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ yà sílé ẹlẹ́gbòogi.

Tó bá jẹ́ ilé rẹ́ǹtì lẹ wà

Òrùlé kì í ṣe tiyín, ẹ má dá gun ún. Ẹ lọ bá Bàbá onílé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ẹ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wo nǹkan kan," ẹ fi sọ́dọ́ọ̀sì tó wà nílẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ oyin, ẹ sọ pé pákó ilé ń bàjẹ́ àti pé omi òjò máa tó wọ àjà, onílé máa ń yára gbọ́ ìyẹn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe é kẹ́ ẹ yọ owó ẹ̀ nínú owó ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ káfíńtà àti lọ́wọ́ ẹni tó ta ọ̀dà. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbénú ilé náà ṣì lè ta nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé yín, kẹ́ ẹ pín bí ẹ óò ṣe máa ṣa máńgòrò àti bí ẹ óò ṣe máa da dọ́sìbìn nù láàárín ara yín, kẹ́ ẹ sì máa fi ọ̀pá jàǹkárìwọ̀ wo abẹ́ òrùlé ní gbogbo Sátidé.